Ìyá Òṣùwọ̀n àti Ẹja Orílẹ̀-Èdè Àbúrò Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn alárù èbúté ni pé Ìyá Òṣùwọ̀n ti jí gbogbo ẹja orílẹ̀-èdè kejì. Wọ́n ní agbọ̀n kan ṣoṣo ló kó gbogbo rẹ̀ sí, ó jókòó lé e lórí nínú bọ́ọ̀sì, ó sì fi ìdí sé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún tọ́ọ̀nù ẹja mọ́lẹ̀ títí ó fi kọjá ẹnubodè. Kí ọ̀rọ̀ náà tó kúrò létí omi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta yìnyín, ẹja ti di ìlọ́po méjì. Nígbà tó fi máa dé ilé ìfìwéránṣẹ́, wọ́n ní awakọ̀ fi etí ara rẹ̀ gbọ́ bí ẹja ṣe ń bẹ obìnrin náà pé kó jọ̀ọ́, kó sún díẹ̀, afẹ́fẹ́ ò wọlé.

Ìdajì ọ̀rọ̀ yìí, òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká tètè yọ ọ́ sọ́tọ̀ kí ìdajì tó jẹ́ irọ́ tó jẹ ẹ́ tán.

Ọdún kẹtàlélógún rèé tí Ìyá Òṣùwọ̀n ti ń ṣe akọ̀wé ẹja ní èbúté tó tóbi jù lórílẹ̀-èdè wọn. Bí ọkọ̀ apẹja bá ti gúnlẹ̀, yóò gun orí àpótí igi kan, yóò fi gèlè di etí nítorí afẹ́fẹ́, yóò yọ bírò, yóò sì máa ka agbọ̀n ṣàwá bí àwọn alárù ṣe ń gbé e kọjá. Agbọ̀n kan, àmì kan. Ṣàwá yìí, ẹja tín-ín-rín tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni, èyí tí olówó ń fojú kéré, tí ọlọ́mọ mẹ́jọ sì ń pè ní olùgbàlà. Fọ́ọ̀mù ìjọba ti sọ ọ́ láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé pé agbọ̀n kan jẹ́ ọgbọ̀n kílò. Akọ̀wé ò ní láti wọn nǹkankan mọ́. Kó ṣáà ka agbọ̀n, kó fi ọgbọ̀n sọ ọ́ di púpọ̀, ẹja dé nìyẹn. Olú iléeṣẹ́ yóò wá gba iye tó kọ, wọn yóò fi díwọ̀n àwọn èbúté kéékèèké tí ẹnikẹ́ni ò dé rí.

Orílẹ̀-èdè mọ́kànlá ló yí omi yẹn ká. Ní ìparí ọdún, gbogbo wọn a kó iye ẹja wọn jọ sínú ìwé kan tó nípọn bí ìrọ̀rí. Ojú ewé tó kẹ́yìn ni àwòrán wà: orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, ìlà kan. Bí ìlà bá gòkè, ẹja pọ̀ sí i. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, ẹja ń tán lọ. Ìlà tiwọn jẹ́ aláwọ̀ búlúù. Èyí tó pupa, ti orílẹ̀-èdè àbúrò rẹ̀ ni.

Àbúrò yìí ni gbogbo wàhálà. Ọmú kan náà ni wọ́n jọ mu. Ìyá Òṣùwọ̀n ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà, òun ló nu imú rẹ̀ títí imú fi gbọ́n. Nígbà tí àbúrò lọ́kọ sí òdìkejì ẹnubodè, tó ní òun náà fẹ́ ṣe akọ̀wé ẹja, òun ló tún fi lẹ́tà méjìlá kọ́ ọ níṣẹ́. Ó wá ṣẹlẹ̀ pé láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ìlà pupa bẹ̀rẹ̀ sí gòkè bí ọ̀bọ tó rí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìlà búlúù sì ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó ń wọ kànga tó gbàgbé okùn sílé.

Owú kì í fipá wọlé. Yóò kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn, yóò ní àlejò lòun. Kó tó pé ọdún kan, òun ló ń sọ fún onílé ibi tí yóò gbé àga sí. Ìyá Òṣùwọ̀n bẹ̀rẹ̀ nípa kíká ojú ewé ìwé náà kí ìlà pupa má baà hàn. Lẹ́yìn náà ló kó gbogbo gèlè pupa rẹ̀ fún ẹni ẹlẹ́ni. Nígbà tó yá, kò fẹ́ rí tòmátì. Télọ̀ ni ọkọ rẹ̀, iwájú ilé ló ti ń ránṣọ. Lọ́jọ́ tí oníbàárà kan gbé aṣọ pupa wá, Ìyá Òṣùwọ̀n dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ lẹ́yìn.

"Baálé mi, èyí ò ní wọlé yìí."

Ọkọ rẹ̀ yọ gíláàsì. "Ìyáálé, aṣọ ló gbé wá. Kì í ṣe orílẹ̀-èdè."

Ìta ló ti rán an, nínú oòrùn, tó ń làágùn bí ẹni tó jẹ gbèsè.

Màmá wọn ló wá da epo sí iná. Ọ̀dọ̀ Ìyá Òṣùwọ̀n ni Màmá ń gbé, òun ló ń bọ́ ọ, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n àbúrò tó wà lókèèrè ni Màmá ń yìn. Ọmọ tó bá jìnnà kì í ṣẹ ìyá rẹ̀. Lọ́dún kẹta sẹ́yìn, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Màmá ń ṣa òkúta inú ìrẹsì, ló bá gbójú sókè.

"Wọ́n ní àbúrò rẹ kó àádọ́ta ẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù ẹja lọ́dún yìí. Mélòó nìwọ kó?"

"Màmá, a kì í kó ẹja. A ń kà á ni."

"Ó dáa. Mélòó lo kà?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógójì."

Màmá ju òkúta kan síta. "Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé ìṣirò ò wọ̀ ọ́."

"Ẹja ni ò sí, Màmá."

"Ó wà lọ́dọ̀ ẹlòmíì. Àbí omi ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń lò níbẹ̀?"

Omi kan náà ni. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ìyá Òṣùwọ̀n lákínyẹmí ara. Lọ́jọ́ kejì, lórí àpótí igi rẹ̀, alárù kan gbé agbọ̀n kọjá tí ẹja inú rẹ̀ kò ju ìdajì lọ. Òfin ni pé kí wọ́n da méjì irú ẹ̀ pọ̀ kí ó tó jẹ́ ẹyọ kan. Ó wo agbọ̀n. Ó wo omi. Ó kọ àmì kan. Ó ní bóyá ó kún kí alárù tó mì ín. Agbọ̀n ìdajì mìíràn tún kọjá, ó tún ní bóyá. Láàárín ọdún mẹ́ta, bóyá yìí sanra. Agbọ̀n tí ẹja kò ju ìdí rẹ̀ lọ, ó di ẹyọ kan. Ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé ẹja mẹ́fà àti sálúbàtà alárù ló wà nínú agbọ̀n, ìyẹn náà gba àmì. Ìlà búlúù na ẹ̀yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí gòkè díẹ̀díẹ̀, ó sì dé ogójì ẹgbẹ̀rún. Ṣùgbọ́n ti àbúrò ti dé ọgọ́ta.

Ìgbà náà ni ìkéde dé pé orílẹ̀-èdè mọ́kànlá fẹ́ yan ẹnìkan ṣoṣo tí yóò jẹ́ Olùkọ́ Àgbà fún gbogbo akọ̀wé ẹja. Ibi tó bá dé, àga ni yóò bá nílẹ̀, kì í ṣe àpótí igi. Gbogbo ẹnu ló ń dárúkọ àbúrò.

Ìyá Òṣùwọ̀n ò jẹun fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó jẹun ọjọ́ mẹ́rin pọ̀, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó ní òun ń lọ kí àbúrò òun. Irọ́ ni. Ó ń lọ mú olè ni. Ó dá a lójú pé àbúrò ń bu ẹja lé ẹja, kò sì sí ẹni tó mọ ọ̀nà olè bí ẹni tó ti gba ibẹ̀ kọjá.

Wákàtí mẹ́ta ló fi dúró lẹ́yìn àgbá omi ní èbúté àbúrò, tó ń wò ó bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ohun tó rí bà á lọ́kàn jẹ́. Gbogbo agbọ̀n ìdajì tó kọjá, àbúrò dá a padà.

"Bùọ̀dá, ẹ dákun, ẹ lọ da méjì pọ̀."

"Ẹyọ kan péré náà ni, àǹtí."

"Ìdajì ni. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ láàárọ̀, mi ò tíì jẹun."

Àwọn alárù rẹ́rìn-ín, wọ́n sì lọ dà á pọ̀. Ìyá Òṣùwọ̀n wí nínú ara rẹ̀ pé, ọmọ yìí tiẹ̀ tún ń fi òdodo ṣe yẹ̀yẹ́ mi. Ó bínú kúrò lẹ́yìn àgbá, ó lọ jókòó sábẹ́ àtíbàbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, níbi tí obìnrin kan ti ń hun agbọ̀n. Obìnrin náà kéré. Ká ní ìgbálẹ̀ dúró tì í, wọn yóò jọ máa wojú ara wọn ni. Bó bá hun agbọ̀n dé ìbàdí, yóò dì mọ́ ọn bí ẹni rí ọmọ tó sọnù, lẹ́yìn náà yóò tún máa hun ún lọ.

"Kí lo ń dì mọ́ ọn fún?" ni Ìyá Òṣùwọ̀n bi í.

"Ìwọ̀n nìyẹn, mà. Bàbá mi ló kọ́ mi. Bí ọwọ́ méjèèjì bá ti pàdé lẹ́yìn ẹ̀, ó tó nìyẹn."

"Bàbá rẹ dà?"

"Wọ́n ti sinmi, ọdún kẹfà rèé. Èèyàn gíga ni wọ́n. Tí wọ́n bá na apá nínú yàrá, ògiri méjèèjì ni wọ́n ń kí."

Ìyá Òṣùwọ̀n ò gbọ́ ìyókù. Ọdún mẹ́fà. Bí agbọ̀n bàbá ti ń gbó, bẹ́ẹ̀ ni agbọ̀n ọmọ ń gba ipò rẹ̀. Apá kúrú, agbọ̀n kúrú, ẹja kan náà ń kún agbọ̀n púpọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ fọ́ọ̀mù ìjọba ṣì ń wí pé ọgbọ̀n kílò, ọgbọ̀n kílò, bí ẹyẹ ayékòótọ́. Ìlà pupa kò gòkè nítorí ẹja rárá. Apá obìnrin kúkurú kan ló ń tì í lọ sókè.

Ahunagbọ̀n dìde lọ mu omi. Kí ó tó gbé ife délẹ̀, àlejò ti lọ, agbọ̀n kan sì ti bá a lọ. Nínú bọ́ọ̀sì, kò sí àyè ìjókòó, ló bá dojú agbọ̀n délẹ̀, ó jókòó lé e. Aṣọ́bodè yọjú lójú fèrèsé.

"Kí ló wà nísàlẹ̀ yín, mà?"

"Afẹ́fẹ́ àti ọ̀rọ̀ ẹbí."

Aṣọ́bodè ní ó yé òun, ó ní kí wọ́n máa lọ. Ibi tí òótọ́ inú ọ̀rọ̀ àwọn alárù parí sí nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé agbọ̀n náà dé èbúté tiwọn, ó da ṣàwá sí i títí ó fi kún dé etí, ó sì gbé e ka òṣùwọ̀n. Ogún kílò. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó tún gbé e kà. Ogún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé.

"Kí lẹ rí, mà?" ni alárù kan bèèrè.

"Mo ti mú ẹja wọn. Ogún ẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù."

"Ibo ló wà?"

"Inú agbọ̀n yìí."

Ẹ ò rí i pé alárù ò jẹ̀bi. Ó gbé ọ̀rọ̀ bó ṣe bá a ni, àárù náà ṣáà niṣẹ́ rẹ̀.

Ìyá Òṣùwọ̀n kọ lẹ́tà sí orílẹ̀-èdè mọ́kànlá pé kí wọ́n lọ wọn agbọ̀n ibì kan báyìí. Kò fi orúkọ sí i. Ó fọwọ́ sí i pé "Ẹni Tó Fẹ́ràn Òtítọ́", ó sì dúró wo ọ̀rọ̀ náà, ó dùn mọ́ ọn. Wọ́n pe ìpàdé kíákíá. Ìlú tirẹ̀ ni wọ́n pè é sí. Ilé tirẹ̀ sì ni àbúrò dé sí, tòun ti àpò, tòun ti aṣọ òtútù tó rà fún Màmá.

Àbúrò kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tán, ó bá a wọ ilé ìdáná, ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń bá a gé àlùbọ́sà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ kan dé etígbọ̀ọ́ mi. Wọ́n ní ẹ jí gbogbo ẹja orílẹ̀-èdè wa."

"Àwọn alárù ló ń sọ ìsọkúsọ."

"Wọ́n ní ẹ jókòó lé e."

Ìyá Òṣùwọ̀n bu omi sí ìkòkò tí kò nílò omi. "Agbọ̀n kan ni. Kò sí ẹja nínú ẹ̀."

"Mo mọ̀." Àbúrò ò gbójú sókè. "Ahunagbọ̀n wá sunkún bá mi pé agbọ̀n méjìlá di mọ́kànlá, pé màmá kan tó jọ mí ló jókòó tì í, tó ń bi í léèrè apá bàbá ẹ̀. Mo ní kí ni ẹ̀gbọ́n mi máa fi agbọ̀n òfìfo ṣe? Ni mo bá gbé ọ̀kan sórí òṣùwọ̀n. Ogún kílò, ẹ̀gbọ́n mi. Ọdún mẹ́fà."

"Ìwọ náà wọ̀n ọ́n?"

"Ọjọ́ tí ẹ lọ gan-an ni. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, mo fẹ́ sọ ọ́ lọ́la. Mi ò tiẹ̀ mọ ìdí tí ẹni tó kọ lẹ́tà fi dààmú ara ẹ̀." Ó gé àlùbọ́sà tó kù. "Ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ká ní ẹ ò wá ni, mi ò bá má mọ̀."

Ṣé ẹ mọ bí ó ṣe rí kí èèyàn dá iná sun ilé ọ̀tá, kí onílé jáde wá dúpẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ náà dára? Ìyá Òṣùwọ̀n ní àlùbọ́sà ló wọ òun lójú.

Lọ́jọ́ kejì, gbọ̀ngàn ìpàdé kún. Àwòrán ìlà mọ́kànlá wà lára ògiri, ó tóbi bí aṣọ ìbora. Kí alága tó ka lẹ́tà Ẹni Tó Fẹ́ràn Òtítọ́, àbúrò ti dìde. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò bo ọ̀kan: bàbá gíga, ọmọ kúkurú, ogún kílò. Ó ní ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún tí òun kọ, ogójì ni. Ó ní kò sí ẹlẹ́bi kankan àfi òun, nítorí òun ló yẹ kí òun wọn agbọ̀n. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ pẹ́. Obìnrin kan tilẹ̀ ń nu ojú.

Ìyá Òṣùwọ̀n ò mọ ibi tí yóò fi ojú sí. Òun ló mú olè, olè ló ń gba àtẹ́wọ́. Kódà nínú ẹ̀ṣẹ̀, ọmọ yìí tún ṣíwájú òun.

Akọ̀wé ìpàdé gun àga, ó fi pẹ́ńsùlù fa ìlà pupa sílẹ̀. Ó bọ́ sórí ìlà búlúù gẹ́gẹ́: ogójì àti ogójì. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́fà, kò sí ẹni tó ga ju ẹnì kejì lọ.

"Àbá kan ló kù lẹ́nu mi," ni àbúrò wí. "Títí a ó fi wọn agbọ̀n gbogbo èbúté, ẹ jẹ́ ká fi ìwé ẹ̀gbọ́n mi ṣe òdiwọ̀n. Àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́. Ìlà tiwọn ò fò sókè lọ́sàn-án kan òru kan bíi tèmi. Ó ń gòkè jẹ́jẹ́."

Alága mi orí. "Ìlà búlúù ń gòkè lóòótọ́. Ìyẹn ni pé ẹja ṣì ń pọ̀ sí i. A jẹ́ pé kò sídìí tí a ó fi dín ọkọ̀ apẹja kù lọ́dún tó ń bọ̀. Ní ti ipò Olùkọ́ Àgbà, mo rò pé ojú gbogbo wa ti rí ẹni tó tọ́ sí i." Ó nawọ́ sí Ìyá Òṣùwọ̀n. Àtẹ́wọ́ tún sọ.

Àga náà dé. Ó dé láì bẹ̀ ẹ́. Kò ní láti ṣe ju kó dákẹ́ kó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó gbìyànjú ẹ̀rín náà, ẹnu rẹ̀ ò gbà. Ó wo ìlà méjèèjì lára ògiri bí wọ́n ṣe sùn léra wọn, ó sì mọ̀ pé ọ̀kan ń purọ́. Ó wo àbúrò rẹ̀ tó ń pàtẹ́wọ́ fún un tọkàntọkàn, ọwọ́ sókè, bíi pé òun gan-an ni wọ́n yàn. Ìyẹn ló bí i nínú jù. Ṣé àbúrò ni yóò máa jẹ́ olóòótọ́ lójoojúmọ́ ayé, kí ẹ̀gbọ́n máa jẹ àjẹkù?

Ó dìde. Ó gbé ìwé àmì rẹ̀ sórí tábìlì alága, ó ṣí i.

"Ẹ wo àwọn àmì yìí. Èyí tó bá dúró gbọọrọ, agbọ̀n tó kún ni. Èyí tó bá tẹ̀ sí òsì, ìdajì ni. Mi ò mọ ìgbà tí ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ẹ́. Mo kà á lánàá kí n tó lọ sùn. Ìdajì gbogbo àmì ọdún tó kọjá ló tẹ̀."

Alága wọ gíláàsì. "Kò yé mi, mà."

"Ogójì ẹgbẹ̀rún tí mo kọ, ọgbọ̀n ni. Ìlà wa ò gòkè. Ẹja ń tán lọ, a sì gbọ́dọ̀ dín ọkọ̀ kù. Èmi náà ni mo kọ lẹ́tà yẹn. Kì í sì í ṣe òtítọ́ ni mo fẹ́ràn nígbà tí mo kọ ọ́."

Àbúrò ti dẹ́kun àtẹ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "ẹ jókòó. Àṣìṣe ni. Ó lè ṣe ẹnikẹ́ni."

"Ìwọ, dákẹ́. O ti sọ tìrẹ."

Alága yíjú sí akọ̀wé ìpàdé. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àṣìṣe wà nínú ìwé èbúté kejì pẹ̀lú."

Ìyá Òṣùwọ̀n na ọwọ́, ó gbé ìka lé orí ìwé akọ̀wé náà kí bírò tó kan án.

"Rárá o. Tàbúrò mi ni àṣìṣe. Tèmi, ẹ kọ ọ́ pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ọdún àkọ́kọ́, mo máa pè é fún yín."